Ibi tí Omi Kò Gbọdọ̀ Dé: Ìda Lára Ìkòkò tí a Kò Tíì Sun

Ẹ mọ ègé amọ̀ méjì tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ó gbẹ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣá. Ẹ fi ọ̀rá wé èkejì kí ó lè gan láìgbẹ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ju méjèèjì sínú ọpọ́n omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá amọ̀ ṣiṣẹ́ rí yóò ní èyí tó gbẹ, tó le gbagidi, ni yóò pẹ́ jù nínú omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbẹ ni yóò kọ́kọ́ máa tú ìfófòó sókè, ara rẹ̀ yóò máa ṣí ní ìpele ìpele, kò sì ní pẹ́ kó tó di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ọpọ́n. Èyí tó ṣì tutù yóò jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, etí rẹ̀ nìkan ni yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo iṣẹ́ tí orí yìí dá lé wà nínú ọpọ́n yẹn. Ẹni tó bá mọ ìdí tí omi fi ń tú amọ̀ gbígbẹ palẹ̀ ti mọ bí a ṣe lè fi omi gbẹ́ ọ̀nà sára ìkòkò láìlo ọ̀bẹ, ó sì ti mọ ìdí tí ìda fi wúlò.

Pẹlẹbẹ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni amọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú ìdá 500 mìlímítà kan ṣoṣo, ara wọn a sì máa fa omi mọ́ra gan-an. Nígbà tí amọ̀ bá tutù, omi ló wà láàárín pẹlẹbẹ kan àti èkejì, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n yọ̀ lórí ara wọn, òun ló sì ń jẹ́ kí amọ̀ ṣeé mọ. Bí omi bá ń lọ, àwọn pẹlẹbẹ yóò máa sún mọ́ ara wọn, ìkòkò yóò sì máa súnkì. Amọ̀ mìíràn lè súnkì ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, òmíràn tó ìdá 10. Nígbà tó bá yá, pẹlẹbẹ ti kan pẹlẹbẹ, kò sí ibi tí wọ́n lè sún sí mọ́. Omi tó kù nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ yóò jáde, afẹ́fẹ́ yóò sì gba ipò rẹ̀. Ìkòkò tó dé ibẹ̀ yẹn le lójú, ṣùgbọ́n kò ní agbára kankan níwájú omi: bí omi bá kàn án, yóò sáré wọ inú ihò wọ̀nyẹn, yóò ti afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ jáde, yóò sì tú pẹlẹbẹ kúrò lára pẹlẹbẹ. Èyí tó tutù ní tirẹ̀ ti ní omi nínú ihò rẹ̀, kò sí ohun tí yóò sáré wọlé. Iná nìkan ló lè parí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ooru bá kọjá 500°C dáadáa, omi tó so mọ́ ẹ̀dá amọ̀ fúnra rẹ̀ yóò bọ́ kúrò, amọ̀ yóò sì di nǹkan mìíràn tí omi kò lè tú mọ́ láéláé.

Ìda kò bá omi ṣe rárá. Omi a máa fẹ́ di ara rẹ̀ mú ju kí ó di ìda mú lọ, ìdí nìyí tó fi ń ká jọ sí róbótó lórí ewé kókò. Ewé kókò ní ìda tirẹ̀ lójú. Tí a bá fi ìda yíyọ́ ya ilà sára amọ̀, yóò rin wọ inú ihò amọ̀ náà díẹ̀ kí ó tó dì, láti ìgbà náà omi kò sì ní ọ̀nà níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ìda kò ní àwọ̀ tí yóò fi sílẹ̀ bí ó bá jó tán, kò sì ní sí lára ìkòkò lọ́jọ́ tí a bá sun ún tán. Omi ló ń ṣe ọ̀ṣọ́. Ìda kàn ń pààlà fún un ni.

Ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ìda àti amọ̀ ti ń bá ara wọn gbé nílẹ̀ Yorùbá láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn orí idẹ àti bàbà tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, tí àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìda ló bí wọn. Oníṣẹ́ ọnà á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú orí, á fi ìda bò ó, á gbẹ́ ojú, imú àti ẹnu sára ìda náà, á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Tó bá gbé e sórí iná, ìda á yọ́ jáde, á fi àyè sílẹ̀ fún idẹ gbígbóná. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà da ẹdan Òṣùgbó nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn ìlú wa létí ọ̀sà, bá tan ní ìran àti ní èdè.

Ìmọ̀ kejì tó ṣe kókó wà lọ́wọ́ àwọn aláró. Ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn obìnrin a máa se ẹ̀kọ láfún pẹ̀lú áálọ́ọ̀mù, wọn a fi ìyẹ́ adìẹ ya á sára aṣọ, wọn a sì rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní dé ibẹ̀. Nígbà tó yá ni àdìrẹ alábẹ́là dé, tí wọ́n ń yọ́ àbẹ́là sára aṣọ dípò ẹ̀kọ. Òun ló di kàmpálà aláwọ̀ mèremère tó kún ọjà wa.

Lára ìkòkò, ọ̀nà mìíràn ni àwọn ìyá wa gbà. Nígbà tí amọ̀ bá ṣì tutù, wọn a máa yí okùn alálọ́ tàbí igi gbígbẹ́ lé e lára kí àpá rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àgbàdo ti Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n tún ń yí ṣùkù àgbàdo, débi pé àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń fi àpá ṣùkù mọ àwókù tó jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà náà ní Ifẹ̀. Wọ́n sì mọ bí a ṣe ń fi òkúta róbótó ra ara ìkòkò títí yóò fi máa dán. Ẹ fi ìkòkò dídán yìí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sí i: òun gan-an ni mo gbà pé ó yẹ kí ìda kọ́kọ́ dé.

Ibòmíràn nílé ayé, àwọn amọ̀kòkò ti ń lo ìda tipẹ́. Hamada Shoji ará Japan wà lára àwọn tó fi í ṣe ọ̀ṣọ́ tó lókìkí jù lọ, ṣùgbọ́n ara ìkòkò tí iná ti kàn lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, kí wọ́n tó fi dígí, ìyẹn ohun tó ń yọ́ mọ́ ara ìkòkò nínú iná, bò ó. Ní 1920, Hamada bá amọ̀kòkò Bernard Leach lọ sí St Ives ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti dá ibi iṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀. Michael Cardew di ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1923, òun náà ló sì wá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò ní Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Sùlèjá lónìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ladi Kwali, ọmọ Gwari tó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré, wọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1954. Àwòrán rẹ̀ ló wà lẹ́yìn owó ogún náírà wa.

Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí Ladi Kwali ń gbà ṣiṣẹ́ yẹ fún àkíyèsí níbí. A máa ri ìkòkò tútù bọ inú omi amọ̀ pupa tàbí funfun, a sì máa fi ẹ̀gún òòrẹ̀ ha á títí amọ̀ tó wà lábẹ́ yóò fi yọjú. Àwọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ọwọ́ wá tẹ̀lé e. Ìda yí ètò yìí padà: ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ dé, àwọ̀ á wá tẹ̀lé e. Ilà ẹ̀gún òòrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mú. Ti ìda á fẹ̀, á sì rọ̀ létí, nítorí búrọ́ọ̀ṣì àti ìda gbígbóná ló yà á. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì lè ní wọn: kí ó fi ìda bo ara ìkòkò tó gan, kí ó fi ohun ṣóńṣó ha ilà gba inú ìda kọjá, kí ó sì kun omi amọ̀ aláwọ̀ lé e. Inú ilà nìkan ni àwọ̀ náà yóò wọ̀.

Ìgbà tó yẹ

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ ni kí a ṣe é nígbà tí kò yẹ. Amọ̀ tó ṣì rọ̀ kò lè gba ìda, nítorí omi tó wà lójú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìda wọlé. Tó bá dì tán, yóò ṣí kúrò. Ó kéré tán, ìkòkò gbọ́dọ̀ gan dé ibi tí ìka kò ti lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́, ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì lè fà á.

Tó bá jẹ́ omi amọ̀ aláwọ̀ la fẹ́ kùn, àkókò gígan yìí ló dára jù. Ìdí ni pé omi amọ̀ náà yóò súnkì tó bá ń gbẹ, ìkòkò tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣì ní ìsúnkì díẹ̀ nínú kí àwọn méjèèjì lè jọ súnkì. Bí a bá kun omi amọ̀ sára ìkòkò tó ti gbẹ tán, ọ̀kan yóò súnkì, èkejì yóò dúró, àwọ̀ náà yóò sì máa bó. Amọ̀ funfun máa ń hàn dáadáa lórí ìkòkò pupa. Erùpẹ̀ pupa tí ìdógùn-ún irin wà nínú rẹ̀ náà ń hàn lórí amọ̀ funfun. A ó fi ìda ya ohun tí a fẹ́ kó mú àwọ̀ ara ìkòkò fúnra rẹ̀, a ó kun omi amọ̀ lé gbogbo rẹ̀, yóò sì máa yọ̀ kúrò lórí ìda. Ìwọ̀nba ẹ̀kán tó bá kù lórí ìda, kí a fi fóòmù tútù nù ún wẹ́rẹ́ kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ nínú iná.

Ìgbà gígan yìí ní ewu tirẹ̀. Omi inú ìkòkò kò lè gba ojú ìda jáde, nítorí náà apá tí ìda wà yóò tutù pẹ́ ju apá tí kò sí lọ. Apá kan ń súnkì, èkejì kò tíì ṣe tán. Ẹnu ààlà wọn ló máa ń sán. Oògùn rẹ̀ ni ibòòji, ọ̀rá tí a fi bò ó, àti sùúrù. Àwọn amọ̀kòkò tó mọ ọgbọ́n yìí ti sọ ewu náà di àǹfààní: wọ́n ń fi ìda kun ètè ìkòkò àti oríkèé ìdìmú, kí ibi tó fẹ́lẹ́ má baà gbẹ ṣáájú ibi tó nípọn.

Àkókò kejì ni ìgbà tí ìkòkò bá gbẹ pátápátá. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: tó bá ṣì ń tutù sí yín lára, omi ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí omi tó ń fò lọ ló ń gba ooru. Tí kò bá tutù mọ́, ẹ fi ìda ya ohun tó wù yín, ẹ jẹ́ kó dì, kí ẹ wá fi fóòmù tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù máa nu gbogbo ara rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọpọ́n ìbẹ̀rẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi wọ inú amọ̀ tí kò ní ìda, ó tú pẹlẹbẹ lára pẹlẹbẹ, fóòmù sì ń kó wọn lọ. Ibi tí ìda wà kò mira. Díẹ̀díẹ̀, ilà yín yóò máa yọ sókè, ilẹ̀ rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀, láìsí pé ọ̀bẹ kan ara ìkòkò.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì sí ibi tó ti ń dára tó lára ìkòkò dídán tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ ra ìkòkò náà pẹ̀lú òkúta nígbà tó gan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ìda ya ilà sí i, ẹ sì nù ún. Fóòmù yóò kó ojú dídán lọ níbi tí kò ní ìda, yóò sì fi ojú gbígbẹ tí kò dán sílẹ̀. Tí a bá sun ún tán, láìsí àwọ̀ kankan àti láìsí dígí, ọ̀ṣọ́ náà yóò hàn nínú ìmọ́lẹ̀, afọ́jú pàápàá yóò fi ọwọ́ kà á. Iná orí ilẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń lò tó fún un; kò nílò ààrò olówó ńlá.

Ẹ má ṣe nù ún jù lẹ́ẹ̀kan. Ògiri ìkòkò tó gbẹ tó bá mu omi púpọ̀ yóò rọ̀ láti inú wá, yóò sì sán tàbí kó wó. Ẹ nù ún díẹ̀, ẹ fọ fóòmù, ẹ fún un, ẹ jẹ́ kí ìkòkò tún gbẹ, kí ẹ tó padà. Ògiri tó nípọn tó mìlímítà 6 lè pàdánù ọ̀kan tàbí méjì láìsí wàhálà. Àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè ṣe é. Ẹ má sì fi ọwọ́ gbá etí rẹ̀ mú, kí ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ìda bá kán síbi tí kò yẹ, nínù kò lè mú un kúrò. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ pẹ̀lú amọ̀ abẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi lo ẹ̀kọ láfún, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ kò wọ́n wa ní agbègbè Ìkòròdú. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ. Bó bá ṣe kan amọ̀ gbígbẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Tó bá sì gbẹ tán, fóòmù tútù yóò tún rọ̀ ọ́, nítorí aṣọ tí a rì bọ inú aró kò rí bí amọ̀ tí à ń nù léraléra.

Létí ọ̀sà

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà létí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a sì máa kún fún ọ̀rinrin. Ní oṣù kẹfà tí òjò pọ̀ jù, ìkòkò tó wà lábẹ́ òrùlé lè má gbẹ dé ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi jẹ́rìí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọ̀nà àkọ́kọ́, ti omi amọ̀, bá ìgbà òjò mu jù. Afẹ́fẹ́ tútù ń jẹ́ kí apá tó ní ìda àti apá tí kò ní jọ gbẹ ní ìrọ̀rùn. Kí a fi ọ̀nà kejì sílẹ̀ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, kí a ṣọ́ra fún oòrùn ọ̀sán. Àbẹ́là ọjà lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lára ìkòkò tí a gbé sí oòrùn, ilà yóò sì fẹ̀ ju bí a ṣe yà á lọ. Ìda oyin kì í tètè yọ́, ó di nǹkan bí 62 sí 65°C. Àpòpọ̀ rẹ̀ àti àbẹ́là ló dára jù lọ́wọ́ mi, ìda oyin kì í jẹ́ kí àbẹ́là máa fọ́ wẹ́wẹ́.

Iyanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ etí òkun wa. Bí a bá nu amọ̀ tó ní iyanrìn, omi yóò gbé amọ̀ lọ, yóò sì fi iyanrìn sílẹ̀, ilẹ̀ ọ̀ṣọ́ yóò wá rí ṣákaṣàka. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó jọ̀lọ̀ gbọ́dọ̀ po amọ̀ mọ́ omi, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó jẹ́ kó sìlẹ̀ kí ó tó mọ ọ́n. Iyọ̀ tún wà. Omi òkun máa ń wọ ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ tí a wà létí omi bẹ́ẹ̀ sì lè ní iyọ̀ nínú. Bí ìkòkò bá ń gbẹ, omi á gbé iyọ̀ náà wá sójú, á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ìkòkò á sì funfun lára lẹ́yìn sísun. Ojú ibi tí omi bá gbà jáde ni iyọ̀ ń jókòó sí. Nítorí náà, tí a bá ti fi ìda sí i nígbà gígan, ibi tí kò ní ìda ni iyọ̀ máa kó ara jọ sí, ọ̀ṣọ́ tí a kò pète lè tipa bẹ́ẹ̀ yọjú.

Ó wù mí kí ẹnìkan yẹ amọ̀ agbègbè yìí wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa iṣẹ́ yìí. Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ní ọgbà kan ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní Yábà lè dé etí ọ̀sà yìí pẹ̀lú ṣọ́bìrì láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Iná, lẹ́ẹ̀mejì

Iná kìíní ni èyí tó ń yọ́ ìda. Ẹ má ṣe gbé agolo ìda lé orí sítóòfù ní tààrà láé. Ẹ gbé agolo náà sínú ìkòkò omi tó ń hó: omi kò lè gbóná kọjá 100°C, ìda inú rẹ̀ náà kò sì ní kọjá bẹ́ẹ̀, ó sì jìnnà sí ibi tí ìda ti ń gbiná. Bí ó bá gbiná pẹ́nrẹ́n, ẹ má da omi sí i. Omi yóò rì sábẹ́, yóò di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fọ́n ìda tó ń jó káàkiri ilé. Ẹ fi ìdérí dé e, kí ẹ sì pa sítóòfù. Búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ bá tì bọ ìda, ìda ló ni ín títí láé, ẹ lo èyí tí kò wọ́n. Nílùú òyìnbó, wọ́n ń ta ìda tí a ti pò mọ́ omi, tí kò nílò iná rárá.

Iná nìkan kọ́ ló léwu: eruku amọ̀ náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ tí a bá ń fà á símú lọ́pọ̀ ọdún. Nínù pẹ̀lú fóòmù tútù kì í dá eruku sílẹ̀, ìyẹn sì dára ju fífi sáńpépà ra ìkòkò gbígbẹ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó kán sílẹ̀ yóò gbẹ, yóò di eruku. Ẹ fi omi nu ilẹ̀, ẹ má gbá a.

Iná kejì ni ti sísun. Ìda yóò kọ́kọ́ yọ́, yóò rin wọ inú ìkòkò síwájú sí i, lẹ́yìn náà yóò máa jó pẹ̀lú èéfín tó ń ta ojú àti ọ̀fun. Ìta gbangba ni kí a ti sun ún, kí a dúró síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí àwọn ọmọdé àti ẹni tó ní ikọ́ fée sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ooru gòkè díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí apá tí ìda dí lè ṣì fi omi pa mọ́, omi tó bá di ooru lójijì yóò fọ́ ìkòkò. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti tó, ìda tí kò jó tán lè fi dúdú sílẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ dúdú náà, ẹ má ṣe kó ewéko tútù lé iná títí ìkòkò yóò fi pọ́n dẹ̀ẹ̀ tí èéfín yóò sì dáwọ́ dúró.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi odindi àmù dán an wò, kí ó kọ́kọ́ mọ ègé pẹlẹbẹ kéékèèké láti inú amọ̀ tó fẹ́ lò: kí ó fi òkúta ra díẹ̀ lára wọn, kí ó má ra ìyókù, kí ó fi ìda sí àwọn kan nígbà gígan àti sí àwọn mìíràn nígbà gbígbẹ, kí ó sì fi ìṣó ha orúkọ ibi tó ti wa amọ̀ náà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó sun wọ́n.